Bí A Ṣe Borí Kọ́tọ́ọ̀fù ní Ìyànà Ìbà

Ọdún tí ọwọ́ àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tí ìjọba ṣí àwọn ilé ẹ̀kọ́ padà, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ràfíátù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n láti ẹnu géètì títí dé Okokomaiko, Kọ́mírédì Ráfí ni gbogbo ayé ń pè mí. Bí ẹ bá bi àwọn tó mọ̀ nípa ìjà náà lónìí, wọn á ní a jà fitafita, a sì ṣẹ́gun. Irọ́ kọ́. A ṣẹ́gun lóòótọ́. Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ló ń tì mí lójú, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má bàa lọ ṣẹ́gun bí àwa ṣe ṣe é.

Lásìkò yẹn, máàkì ìdánwò àṣewọlé tí àwọn ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń wò. Wọn yóò fi ẹnu kò sí iye kan, òun la ń pè ní kọ́tọ́ọ̀fù. Bí máàkì rẹ bá dé ibẹ̀, o wọlé. Bí ó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo dín, máa lọ sílé, ìbáà jẹ́ ìwọ lo ń gba ipò kìíní láti ìgbà tí o ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́dún náà, wọ́n gbé kọ́tọ́ọ̀fù àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì sókè fíofío nítorí pé èrò pọ̀ jù. Àwọn ọmọ Ọ̀jọ́ àti Ìbà tí a mọ̀ dáadáa wá ń sunkún níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ èsì jáde ní Ìyànà Ìbà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ṣùkùrà. Ẹ̀sítéètì kan náà ni a jọ ń gbé ní Ìbà, bàbá rẹ̀ sì ń ta wáyà iná ní Alábà. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa ń ní kó kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò. Nígbà tí èsì ìwé mẹ́wàá jáde, kò sí ẹyọ kan tí kò páàsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò àṣewọlé, iná lọ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n pín in sí, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn, ìgbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì fi máa tàn padà, àkókò ti lọ. Máàkì díẹ̀ báyìí ló fi já a. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni ọmọ yìí ń sọ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i nídìí.

Èmi ni mo lọ bá a nílé.

"Ṣùkùrà, wá bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo o."

"Àwa la máa pariwo. Ìwọ ṣáà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

A dí Ìyànà Ìbà pa lọ́jọ́ ìwọ́de náà. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń ṣépè, àwọn tó ń lọ sí Badagry sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń bú ìyá tó bí wa. A gbé Ṣùkùrà gun orí tábìlì ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta káàdì fóònù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di gbohùngbohùn mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe olódo. Iná ló lọ. Ṣé iná ni wọ́n fẹ́ gbà sí yunifásítì ni, àbí èmi?"

Ariwo sọ. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń bú wa gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń fun fèrè ọkọ̀ fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ ọmọ yẹn ni gbogbo èèyàn fi ń kọrin. Inú mi dùn débi pé mo rò pé èmi ni mo dá a.

Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ìṣèlú, bàbá àgbàlagbà tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó la àárín èrò kọjá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ràfíátù, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò máàkì?"

"Ìntafíù ni, sà, pẹ̀lú èsì ìwé mẹ́wàá. Kí wọ́n wo ọmọ náà lójú."

"Ta ló máa wò ó lójú?"

"Ìgbìmọ̀, sà."

"Ìgbìmọ̀ ta ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó ń kọrin. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Máàkì ò dára tó, mo gbà. Kò mọ̀ pé iná lọ. Àmọ́ kò mọ ọmọ ta ni ẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá máa yọ ọ́, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa fi jókòó síbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ló rán an. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, àwa ọmọ tuntun ni a kò jẹ́ kó fọwọ́ kan orí wa.

Nígbà tí ìwọ́de náà kò dáwọ́ dúró, àwọn aláṣẹ gbà. Wọ́n ní láti ọdún tó ń bọ̀, máàkì ìdánwò yóò kó ìdajì, èsì ìwé mẹ́wàá àti ìntafíù yóò kó ìdajì tó kù. Wọ́n tún wá fi èènì lé e: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ní àyè mélòó kan lọ́dọọdún, tí a ó máa fi fa ọmọ tó bá wù wá wọlé. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní sílọ́ọ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń fẹnu kò nínú ẹgbẹ́ wa. A kì í dìbò. Ààrẹ ni yóò béèrè, gbogbo wa yóò sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta kò ó, ariwo ti bo ohùn rẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn, a sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń ṣe wá bíi pé ẹnu kan ṣoṣo ni a ní. Ààrẹ wa, Kọ́mírédì Àkàndé, gun orí àga lẹ́nu géètì.

"Gíréètì Nàìjíríà sítúdẹ́ǹtì!"

"Gíréétẹ́ẹ̀sì!"

"Wọ́n ti fún wa ní ìntafíù! Ṣé a gbà?"

"A gbà!"

"Wọ́n tún fún wa ní sílọ́ọ̀tì, ká fi máa ran ọmọ tálákà lọ́wọ́! Ṣé a gbà?"

"A gbà!"

Mo pariwo a gbà yẹn títí ọ̀fun fi dùn mí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè pé ta ni yóò yan ọmọ tálákà náà.

Ọdún yípo. Sílọ́ọ̀tì dé, Àkàndé sì pín in láàárín àwa aláṣẹ ẹgbẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo ní mi ò gba tèmi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ mi mọ́, pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Àkàndé fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Kọ́mírédì Ráfí, ẹni mímọ́! Ó dáa, màá bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Mo rò pé bí mo bá ti kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tán lọ́rùn mi.

Ní ọdún yẹn kan náà, Ṣùkùrà tún ìdánwò àṣewọlé ṣe. Iná kò lọ. Máàkì tó gbà ga ju kọ́tọ́ọ̀fù tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ wò ó kí ó yé yín: ká ní a fi òfin náà sílẹ̀ bí a ṣe bá a ni, máàkì yẹn nìkan ì bá gbé e wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n a ti jà, a ti ṣẹ́gun, ó sì ní láti ṣe ìntafíù. Ó sọ bó ṣe lọ fún mi lójú ọ̀nà ẹ̀sítéètì.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n bi mí pé ta ló rán mi wá. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kí n máa lọ."

Nígbà tí orúkọ àwọn tó wọlé jáde, Ṣùkùrà kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Aṣọ tó fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀ ló wọ̀. Ó ṣí fìlà, ó kọ̀, kò jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ní àyè tẹ́ ẹ fi ń mú ọmọ wọlé. Ọmọ mi bá yín gun orí tábìlì lọ́jọ́sí. Ẹ fojú àánú wò ó."

Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí èmi nìkan.

"Àǹtí, ẹ bá mi dá sí i."

Bàbá tó ń fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin ní ẹ̀sítéètì, tó máa ń lé mi wọlé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun ló ń pè mí ní àǹtí, tó ń fi "ẹ" bẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀. Àkàndé ló fèsì.

"Bàbá, ẹ má bínú, sílọ́ọ̀tì ti tán. Èyí tó wà fún nọ́ọ̀sì, ọmọ kánsẹ́lọ̀ tó yá wa ní bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìwọ́de la fún."

Mo gbójú sókè. "Ti nọ́ọ̀sì wo?"

"Tìẹ ni. Ṣebí o ní o ò fẹ́."

Bàbá Ṣùkùrà dé fìlà rẹ̀ padà. "Kò burú. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa. Ọlọ́run á ṣe é." Ó tún yà sọ́dọ̀ mi, ó fà mí dìde.

Ó yẹ kí n sọ èyí tó burú jù. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó yẹ kí n ti gba sílọ́ọ̀tì náà. Èmi tí mo ń ké lórí títì pé kí ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo èèyàn, mo ń kábàámọ̀ pé mi ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́. Ọmọ tí mo sì fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ náà wọlé, máàkì rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn iwájú. Ikú yá ju ẹ̀sín, a máa ń sọ ọ́ bí oyin lórí gbohùngbohùn. Ẹ̀sín náà dé, kò pa mí. Mo fi ipò akọ̀wé sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíì síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n béèrè bóyá a gbà, gbogbo ilé sì pariwo a gbà.

Mo ti di olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ọ̀jọ́ báyìí. Ṣùkùrà tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò rí ẹni rán an, ó jáwọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Okokomaiko. Ó ń gúnni lábẹ́rẹ́, ó ń di ojú egbò, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní in lè rán an níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Láìpẹ́ yìí, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá bá mi. Wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá, wọ́n ní èmi wà lára àwọn tó gba ìntafíù fún wọn. Ilé ìwòsàn náà ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá Ṣùkùrà níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ fún un.

"Ẹ lọ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jà lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀."

"Bí mo bá lọ, òótọ́ ni mo máa sọ. Mo fẹ́ dárúkọ rẹ, kí wọ́n mọ ẹni tá a ṣẹ̀."

Ó na etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà títí ó fi gún, ó wá wò mí.

"Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ mi ti ṣiṣẹ́ fún yín tó."

Mi ò lọ gba àmì ẹ̀yẹ kankan. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìjà náà kò so èso rere. Mo mọ ọmọkùnrin kan láti Ọ̀jọ́ tí kọ̀ǹpútà já kulẹ̀, tí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ gbé e wọlé nítorí tiwa, ó sì ń ṣe dáadáa. Mo ṣì gbà pé nọ́ńbà kan kò tó láti fi wọn ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n a gba agbára kúrò lọ́wọ́ nọ́ńbà, a gbé e fún àwọn tó ń béèrè ẹni tó ránni wá, àwa náà sì bù níbẹ̀. Títí di òní, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gba sílọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ san gbèsè tí a jẹ, ẹ kọ́kọ́ dá ìyẹn padà. Kí ẹ sì dìbò lé e lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á lè gbọ́ ohùn ẹni tó bá sọ pé rárá.

Ní ti Ṣùkùrà, mo ti ṣe bó ṣe wí: orúkọ mìíràn ni mo fi pè é fún yín. Bí ẹ bá dé Okokomaiko, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.