Ìkíni Tó Ṣáájú Ọ̀rọ̀ Ọjọ́

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ni mo fi ń rántí òkè tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Títí dòní, bí mo bá gba ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kọjá, tí kòkó sì wà nítòsí, inú mi a kàn ṣàdédé bàjẹ́, n ó sì rí ara mi nínú yàrá tútù yẹn lẹ́yìn ìlú Ifẹ̀, pẹ̀lú súẹ́tà lọ́rùn ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ ìpè kò fẹ́ ooru. Àwa èèyàn tó ń bá wọn gbé, kò sẹ́ni tó bi wá ní ohun tí àwa fẹ́.

Iléeṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ ìjọba ológun ìgbà náà, pé kí àwọn sójà àti àwọn aláṣẹ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú láìsí ẹni tí yóò jí i gbọ́. Wọ́n gbé àwo irin ràgàjì kan sórí òkè, ó kọjú sókè, sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ohùn tó bá ń jáde lọ, ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata, tó fi jẹ́ pé ariwo ṣìì lásán ni olè ọ̀rọ̀ máa bá. Ní òdìkejì, ẹ̀rọ mìíràn á tún un kó jọ. Àwọn ará ìlú ní àwo tí ìjọba fi ń lé òjò ni. Òjò sì pẹ́ kó tó rọ̀ lọ́dún náà, nítorí náà wọ́n bínú sí wa gan-an.

Àwa méjì la máa ń jókòó sídìí ìpè lọ́sàn-án: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, àti àgbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ tẹlifóònù fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ bíbí àdúgbò Ìlódè nínú Ifẹ̀ ni, ilé bàbá rẹ̀ náà ló sì ń gbé. Èèyàn tó mọ̀ ọ́n kí ni Bàbá. Bí mo bá dé, á bi mí nípa oorun, á bi mí nípa ìyá mi, á bi mí nípa ikọ́ tó ń ṣe ìyá mi, kó tó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àwọn sójà bá fẹ́ jagun, kí wọ́n má gba ọ̀dọ̀ tiwa pè, torí ogun á ti tán kí Bàbá tó kí wọn tán. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ mi, ẹni tí o ò bá tíì kí, o ò tíì rí i."

Òfin ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Láràárọ̀ ni sájẹ́ńtì kan máa ń gun alùpùpù wá, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí wa létí, a ò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ là ń pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, ìbáà ṣe ọ̀gágun, a gbọ́dọ̀ bi í ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ká tó dá a lóhùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ká já ìpè náà. Ó rọrùn létí, àbí? Ìwọ gbìyànjú ẹ̀ wò. Kí àgbàlagbà pè ọ́, kí o gbọ́ ewú nínú ohùn rẹ̀, kó jẹ́ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ta ni yín? Kí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́?" Ara èmi náà kì í gbà á, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń bi wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà. Ní ti Bàbá, bó bá jẹ́ Yorùbá lẹni náà fi sọ̀rọ̀, á kí i ná. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣá o. Ẹ̀yìn ìkíni ló máa ń béèrè ẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjà Ifẹ̀ tí ìwọ náà mọ̀ yẹn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn tó ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Láti orí òkè, à ń rí èéfín, a ò sì lè sọ ilé ta ló ń jó. Wáyà tẹlifóònù ìlú ti já. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè wá, pé ká jọ̀ọ́ ká bá àwọn pe ọmọ àwọn ní Ìbàdàn, ká ṣáà sọ fún wọn pé àwọn ṣì wà láyé. Sójà ẹnu ọ̀nà á lé wọn padà. Àwo wa ń gbé ohùn dé ojú ọ̀run, kò sì lè gbé ohùn ìyá kan dé Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀, Bàbá máa ń yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, "lántánì" ni sájẹ́ńtì sọ sí wa létí láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a gbọ́ pé àwọn sójà tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà Ìlódè ti kó sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ. Ìyàwó Bàbá àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nílé lọ́hùn-ún. Kò jẹun, ó kàn ń wo iná pupa kékeré tó wà lára ẹ̀rọ. Ibẹ̀ la wà tí ìpè fi wọlé. Ohùn àgbàlagbà ni, èdè Ifẹ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n bí ní àdúgbò Ilare. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ewu, ẹ kú àìsùn. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ wa rí lórí ìpè yẹn. Ojú Bàbá yí padà, mo rí i. Ó ní, "A dúpẹ́, Bàbá. Àwọn sójà ti kúrò lójú ọ̀nà Ìlódè, ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbà lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ àwọn èèyàn wa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n padà." Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ẹni tó pè náà ní, "Ẹ ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ọjọ́." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá ni kẹ́dùn. Ìpè náà sì já.

Àṣé àwọn sójà ló fi ìpè náà dán wa wò. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ọkọ̀ àwọn sójà fi gun òkè wá gbé Bàbá. Wọ́n ní ó tú ibi tí àwọn ọmọ ogun wà síta. Ọ̀gá sójà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ó béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ àbí kò béèrè?" Mo ní, "Ó kí wọn, sà." Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bi mí. Mo ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Apá kan ilé Bàbá jóná láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ sá jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ rẹ̀ káàkiri àgọ́ sójà. Ó wá sí iléeṣẹ́ wa, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n fi ẹlòmíràn sórí àga Bàbá, ọkùnrin kan tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún parí, ìjọba yin iléeṣẹ́ náà pé wọ́n pa àṣírí mọ́ dáadáa. Wọ́n pín mínírà fún wa, wọ́n tú àwo wọn, wọ́n lọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó tú Bàbá sílẹ̀. Mo lọ kí i ní Ìlódè. Ojúmọmọ ni, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, èyí tí èèyàn kì í sábà bá lágbo ilé lọ́dọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá. Èmi ni." Kò dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wa nìyẹn. Kì í jẹ́ ẹni tó bá kí i." Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé: "Kí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́?"

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo ń retí ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín kò wá. Mo wá gbé ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn, mo ní, "Lántánì." Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Ó ti rù kan eegun, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ní, "O kú ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́? Ikọ́ wọn ńkọ́?" Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo bú sẹ́kún.

Wọ́n ń sá kòkó sórí kọnkéré tí àwo yẹn dúró sí báyìí. Mo ti bínú sí àwọn sójà, mo ti bínú sí iléeṣẹ́ náà, ó sì ti tán nínú mi. Ẹni tó pe ìpè yẹn ni mi ò tíì lè dárí jì. Àjèjì kọ́. Àjèjì kò lè mọ̀ pé ìkíni nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn Bàbá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, wọ́n sì ń pè mí tọ̀sán-tòru. Bí ẹni tí mi ò mọ̀ bá pè, tó sì kanra mọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá kí mi dáadáa, tó béèrè àwọn ará ilé, n ó já ìpè náà.