Ọ̀rọ̀ Tí A Gbọ́ Tí Wọn Kò Jẹ́ Ká Sọ

Òórùn pákó tútù láti ibi tí wọ́n ti ń lagi ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló máa ń bá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ àdúgbò Atíkórí, ń kọ́ sìtatísíìkì ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan sọ pé nígbà ogun àgbáyé, àwọn kan ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹyọ, wọ́n sì fi tú àṣírí ọ̀tá. Orí mi wú. Mo rò pé ìṣirò lè gba ayé là. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Nígbà tí a jáde, ọ̀rẹ́ mi wọṣẹ́ ológun, wọ́n gbé e lọ sí ìlú kékeré kan ní òkè ọya, níbi tí ogun ti ń jà. Wọ́n gba èmi sí ọ́fíìsì tí a ti ń tú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Àmì ni wọ́n fi ń rọ́pò lẹ́tà. Hausa ni wọ́n ń sọ, lẹ́tà "a" sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Nítorí náà, àmì tó bá pọ̀ jù, "a" la ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Bẹ́ẹ̀ la ó máa bá a lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yéni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orúkọ ìlú tí ọ̀rẹ́ mi wà ló yọ sí mi lójú. Wọn ó kọlù ú lọ́jọ́ kejì. Mo sáré tọ ọ̀gá wa lọ.

"A ò ní sọ fún wọn," ó wí. "Tí wọ́n bá múra sílẹ̀, ọ̀tá á mọ̀ pé à ń gbọ́ òun, á sì yí àmì rẹ̀ padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ nínú wọn."

Ó gba fóònù mi, ó ní kí sójà kan dúró tì mí títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi kọjá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó jókòó lórí àga, ó ń mu tíì.

Ọ̀rẹ́ mi kú sí ìlú náà, wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Níbi àdúrà fìdáù ní Atíkórí, ìyá ọ̀rẹ́ mi pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ìwọ náà ń bá ìjọba ṣiṣẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ ni?"

Wọ́n ti mú mi búra; ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá sọ.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, màmá."

Ó fà mí mọ́ra, òun ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn gba ìlú ńlá kan là. Ó lè jẹ́ òótọ́, wọ́n kúkú gbé ọ̀gá wa ga nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọ̀rẹ́ mi bóyá ó fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ ra ìlú náà. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, n kì í sì í sọ ìtàn ogun fún wọn.

Ìyá náà kú lọ́dún tó kọjá. Títí ó fi kú, ó gbà pé òjijì ni ogun ká ọmọ òun mọ́.