Ọjọ́ Tí Màmá Mi Kò Sọ Pé "Pẹ̀lẹ́"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní egungun líle, torí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, niṣẹ́ mi. Òórùn koríko tútù ní pápá wa ní Parma, ní Ítálì, rán mi létí ọ̀sán òjò kan tí mò ń kọ́ eré náà ní ìlú Nichelino nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ọmọ gìrìpá kan gbé mi ṣánlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Lọ sílé, lọ mu ọmú!"

Mo wojú màmá mi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lábẹ́ agbòjò. Nílé wa, bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́". Màmá mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n pariwo pé:

"Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni? Dìde, gbé òun náà ṣánlẹ̀!"

Mo gbé e ṣánlẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé màmá mi ń sunkún lábẹ́ agbòjò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bì mí lulẹ̀ kò tíì borí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yìn yín kò ní kanlẹ̀ láé.