Ìlà Mẹ́ta Tí N Kò Yọ Kúrò

Àga ìlà iwájú ni mò ń nù lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ àwọn olórin yà wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Akọ̀wé ni mo jẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nu àga Bàbá tó fún ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀, mo sì nu méjì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ di àna Bàbá ló máa jókòó síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn Bàbá lóbìnrin ni ọmọ wọn fẹ́ fẹ́. Bàbá fúnra wọn ló pe àwọn àna náà, pé kí wọ́n wá gbọ́ bí àlejò yóò ṣe ki Bàbá.

Ará Màlì ni olórin náà. Ìdílé akọrin ni wọ́n bí i sí, àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ìran ẹlòmíràn sórí láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó ti fi gìtá oníná àti dùrù kún orin ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n igbá ńlá olókùn mọ́kànlélógún tí àwọn baba rẹ̀ ń fi ìka ta ṣì wà láàárín wọn. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn kì í kọrin lórí ilẹ̀ èèyàn láìkọ́kọ́ ki baba onílẹ̀, kí wọ́n fi oríkì Bàbá ránṣẹ́ sí òun.

Èmi ni ọ̀gá àgbà rán. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin ní Bárúwà. Màmá náà ń kì í lọ, mò ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n fi etí ìborùn bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìlà mẹ́ta péré ni: bí baba tó bí Màmá àti Bàbá ṣe yọ́ gun àjà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jí èlùbọ́ lákòókò ìyàn, tí àjà wó, tí èlùbọ́ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, tó sì ń búra pé òun kọ́.

Mo rí i pé wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ọ̀rọ̀ fún mi rí tí mo fo ẹyọ kan. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ ní táípù, mo fi bírò fi àmì ohùn sí i, mo tún kà á sínú kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ kí àlejò lè fi etí kọ́ ọ. Ọ̀gá àgbà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní iṣẹ́ mi kì í ní àṣìṣe.

Nínú gbọ̀ngàn, olórin náà bẹ̀rẹ̀ sí ki Bàbá. Yorùbá rẹ̀ ò wọ́ rárá. Ibi tí mo ti mí nínú kásẹ́ẹ̀tì gan-an ló ti ń mí. Bàbá tẹrí ba, wọ́n ń mi orí, fìlà wọn ń mì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, inú mi ń dùn sí ara mi.

Ló bá dé ibẹ̀. “Ọmọ agun-àjà tí èlùbọ́ jẹ́rìí ta kò, ó funfun tán, ó ní òun kọ́.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn. Olórin ò mọ ohun tó ń sọ. Ó rò pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣẹ́jú sí onígìtá, wọ́n sì tún un kọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń gbè é: òun kọ́, òun kọ́. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí àwọn àna ń lọ, bàbá ọkọ ìyàwó bọ Bàbá lọ́wọ́. Ó ní, “Àna wa, a ó máa ti àjà wa o jàre.” Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Àpamọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Mo lọ kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ Bàbá. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi àlejò, kì í ṣe ẹ̀bi Màmá, èmi ni mo kọ ọ́ tí mo sì kà á. Wọn ò bínú. Wọ́n ní,

“Ìyá wa ló máa ń fi ibẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá ń sunkún ní kékeré, ọmọ mi. Inú yàrá la máa ń wà.”