Gọ́tà Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹnu Ọ̀nà Alága

Ẹ gbọ́ tèmi náà lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí, nítorí ojú mi ló ṣe, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ Alága àdúgbò wa àtijọ́ ní Ajégúnlẹ̀ gbé fọ́tò baba wọn síta lórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló mú gọ́tà wọ àdúgbò. Àwọn èèyàn ń ṣe àdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ò ṣe àmín.

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Ọkọ tèmi tó kú ńkọ́? Ta ló ń sọ tirẹ̀?

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, nígbà ìjọba alágbádá. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin kan pé kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀, kí àdúgbò tó bá fẹ́ ṣe gọ́tà tàbí ibi ìdalẹ̀nù lè yá nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, mo ka òfin náà fúnra mi. Owó náà kò ní jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ló máa kọ́kọ́ wá. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá rí i pé omi ń gba inú iṣẹ́ náà lọ, ìdajì kejì á tẹ̀lé e.

Kò sí ẹni tó fẹ́ gọ́tà náà tó mi. Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, wa kírénì ní wọ́fù Àpápá títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ló wà, nínú ilé tó kọ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé. Gbogbo ìgbà òjò ni mo máa ń fi bulọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ mi: kí n má jẹ́ kí òun kú sí ilé onílé.

Àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́ láti ilé Alága lókè lọ sí ẹ̀bá kánáàlì nísàlẹ̀. Ilé wa wà láàárín. Nígbà tí a ṣe mítìnì onílé lórí owó tí àdúgbò wa fẹ́ yá, mo dìde, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá kánáàlì, kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ bọ̀ lókè, kí omi lè ní ibi tí yóò jáde sí. Ṣé ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn?

Ẹ sì gbọdọ̀ mọ àṣà wa níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ohun rere. Bí a ṣe fa wáyà iná nìyẹn, bí a ṣe fa páìpù omi nìyẹn.

Alága wò mí. “Ìyàwó wa, ilé ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ládùúgbò yìí?”

“Ilé yín ni, sà.”

“Nínú ilé yín, ta lẹ kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún?”

“Bàbá ilé ni, sà.”

“Ẹ jókòó nígbà náà. Gọ́tà náà mọ àgbà.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá agbaṣẹ́ṣe lójú iṣẹ́, ó ní, “Madam, who give me work na him I dey hear.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alága nìyẹn. Ìdajì owó tán nígbà tí gọ́tà dé ìdí ògiri mi. Tẹ́lẹ̀, omi òkè máa ń tàn kálẹ̀ ni, ilé kọ̀ọ̀kan á gba díẹ̀. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ kó jọ sójú kan, ó ń sáré bọ̀ wá bá Bàbá Dúpẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n rí adágún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Wọ́n ní omi ò lọ, ìdajì kejì ò lè jáde. Mo ní láìsí ìdajì kejì, báwo ni omi ṣe máa lọ? Èyí tó kéré jù nínú wọn na ọwọ́ méjèèjì. “Màmá, òfin ni.”

Mo kúnlẹ̀ fún Alága nínú pálọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a fi àpò iyanrìn dí orí gọ́tà títí a ó fi rí owó parí rẹ̀.

“Kí omi lè padà wọ ilé mi? Ìyàwó wa, ṣé kò sí nǹkan o?”

“Ẹ dákun, sà. Bàbá Dúpẹ́ ò lè dìde.”

“Òjò ò ní pọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Àbí òun ló ń rọ òjò ni?

Ọ̀sán Jímọ́ kan ni òjò ṣú. Kí n tó kó aṣọ wọlé, omi ti bo bulọ́ọ̀kù, ó ti dé ara bẹ́ẹ̀dì. Sunday, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tin Can, pọn ọkọ mi sẹ́yìn. “Mama, hold him leg make e no drag.” Ọ̀nà òkè nìkan ló ṣeé gbà. Alága ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lábẹ́ agbòjò, ẹrẹ̀ kankan ò ta sí jalabíà rẹ̀.

Ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi.”

Bàbá Dúpẹ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A gbé e lọ sí pálọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Olódì. Láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá ilé ti gbẹ. Kí ni kí n wí? Ògiri méjì ti wó. Pálọ̀ àbúrò rẹ̀ yẹn ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn onílé àdúgbò sì ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà pé kí n mú ìpín tèmi wá nínú owó tí a yá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà níbi oúnjẹ, níbi ìkíni, níbi ìjókòó. Níbi omi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ̀yin ọmọ Alága, bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ baba yín sára gọ́tà yẹn, ẹ kọ ọ́. Ó tọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ajégúnlẹ̀ nígbà náà ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí omi lé kúrò nílé pẹ̀lú.