Ajá Tó Ń Ka Ará Ilé

Ilé tí ọkọ mi gbà fún wa ní Lọ́kọ́ja tóbi ju èèyàn méjì lọ, èèyàn kan ṣoṣo ló sì ń gbé inú rẹ̀. Èmi ni. Ọkọ mi ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹ̀pà àti òwú gba Odò Ọya lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí odò bá kún, ìrìn ò jẹ́ kó gbélé. Nígbà tí odò bá fà, ọkọ̀ wọn ò lè gòkè mọ́, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń há sí títí òjò á fi dé. Bó bá wá dé, á jẹun, á sùn, á pa mí lẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run mí, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á fọn fèrè, ó di gbére.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mi ò tíì bímọ. Abúlé wa lápá Yàgbà ni wọ́n ti mú mi wá, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wúkọ́, gbogbo agbo ilé ni yóò bi í léèrè ohun tó jẹ. Ní Lọ́kọ́ja, Núpé ni aládùúgbò mi lọ́tùn-ún, Ẹ̀bìrà ni tòsì, Igálà àti Haúsá ló wà níwájú. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìkòkò náà gbọ́ èdè mi ju gbogbo àdúgbò lọ. Bí mo bá se ọbẹ̀, n kì í mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó, nítorí kò sẹ́ni tó máa ráhùn.

Obìnrin Fúlàní kan wà tó máa ń ru wàrà wá sí ẹnu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn èèyàn rẹ̀ máa ń pàgọ́ sápá Felele, nígbà tí Felele ṣì jẹ́ igbó, kí wọ́n tó da màlúù wọn lọ sí etí odò níbi tí koríko tútù kù sí. Haúsá tí mo gbọ́ ò lè ra iyọ̀, Yorùbá tirẹ̀ náà ò lè tà á. Ọwọ́ àti ojú la fi ń sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó mú ajá kan dání, abo, aláwọ̀ eruku, ó rù, ó sì ń tiro. Màlúù ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà nawọ́ sí ẹsẹ̀ ajá, ó nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó wá nawọ́ sí mi: wọ́n ń ṣí lọ, ajá ò lè rìn. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń sùn, ó mirí pé rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iye ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà yóò fi jinná ló ń sọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gba ajá náà nítorí pé ó ń mí.

Ọdẹ ni bàbá mi, nítorí náà mo gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ajá. Bí bàbá mi bá gba ajá tuntun, ìdí ààrò ló máa ń so ó mọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì máa fi fún un ní egungun, títí ajá náà á fi mọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo fi omi gbígbóná àti òrí wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà jinná. Mo fún un ní ẹ̀kọ pẹ̀lú orí ẹja, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ajá yìí ò dùbúlẹ̀. Ó dúró ni. Oorun á máa tì í síwá, á máa tì í sẹ́yìn lórí ìdúró, á ta gìrì, á tún wo ọ̀nà. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í bó o lọ́rùn. Nígbà tí mo tú u, ó tún wá burú sí i. Á wá wò mí nídìí ààrò, á lọ wo inú yàrá, á wo yàrá kejì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi àpótí mi, á yí ilé po, á lọ dúró lójú ọ̀nà, á tún padà wá wò mí. Láìpẹ́ ó ti tẹ ọ̀nà tóóró kan yí ilé wa ká, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́.

Ká ní abúlé wa ni, wọn ì bá ti fún un lórúkọ. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ajá la fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò: ẹ óò pe ajá yín ní gbólóhùn kan tó ta bí ata, ẹ óò sì máa pè é kíkankíkan níwájú ilé ẹni tí ẹ ní lọ́kàn. Mo gbìyànjú rẹ̀. N kò rí ẹni tí mo lè bú tí yóò gbọ́. Mo kàn ń súfèé pè é bí obìnrin Fúlàní yẹn ṣe máa ń ṣe.

Ó sì ń rù sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé ajá tí kò bá sùn kò ní pẹ́ kú, bí kò bá sì kú, á sá tẹ̀ lé ipasẹ̀ màlúù wọn lọ. Bó bá lọ, èmi àti ìkòkò la tún kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wá a tì. Mo pè é títí, mo dé ọ̀nà odò, mo padà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún. Bí mo ṣe ń nu ojú ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń wọlé, ewúrẹ́ lẹ́yìn ewúrẹ́, pẹ̀lú òbúkọ kan àti àwọn ọmọ wọn. Ajá wà lẹ́yìn wọn, ó ń rọra lọ sọ́tùn-ún, ó ń rọra lọ sósì, kò gbó rárá. Ó kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó yí ara rẹ̀ po, ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sùn lọ fọnfọn.

N kò tíì yọ̀ tán tí aládùúgbò mi ọ̀tún, ìyá Núpé kan tó jẹ́ opó, fi yọ pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

"Kai! Olè! Ẹran mi!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ajá ló kó wọn wá."

"Ajá? Kó má fẹnu kàn mí o, mo ti ṣe àlùwàlá." Ó wo ajá, ó wo ẹran rẹ̀ tó ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àwọn ẹran yẹn kì í wálé bọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìyá náà, wíwá ẹran ni, olè sì ti jẹ nínú wọn. Ó gbé igi rẹ̀ sílẹ̀. "Walahi, ajá Fúlàní nìyí. Ajá Fúlàní kì í sùn tí ẹran ò bá pé. Ó máa kà wọ́n. To, ìyàwó, ìwọ nìkan ṣoṣo. Kí ló fẹ́ kà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí obìnrin Fúlàní yẹn ń ka ìka sọ: ajá mi ò ní sùn láìjẹ́ pé ó ka ará ilé rẹ̀ pé, bó bá sì dé orí èmi, kò sí ẹlòmíràn. Ó ṣe bí ẹni pé àwọn yòókù sọnù ni.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn tí ẹran ìyá Núpé fi ń sùn nílé mi. Láàárọ̀, ìyá á wá kó wọn, á kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra nítorí ajá, á bu kunu fún mi mu, á jókòó díẹ̀. Ó ń gbìyànjú ní Yorùbá, èmi náà ń gbìyànjú ní Haúsá, a ń bú olè pa pọ̀. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó mọ ẹran ìyá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí ewúrẹ́ ẹlòmíràn bá tẹ̀ lé wọn wọlé, kì í bù ú jẹ. Á fi orí tì í lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ojú ọ̀nà. Nígbà tí ìyá ra ewúrẹ́ tuntun, bó ṣe tì í jáde náà nìyẹn, àfìgbà tí mo gbé ọwọ́ lé ewúrẹ́ ọ̀hún lẹ́yìn, tí mo mú un rìn yí ilé po lójú ọ̀nà tóóró yẹn, tí ajá ń tẹ̀ lé wa. Láti ìgbà náà ló ti kà á mọ́ ará ilé.

Òjò dé, odò kún, ọkọ mi náà dé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ẹran ti wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń kí bí wọ́n ṣe ń kí lọ́dọ̀ wa: "Okun o! Okun o, ará ilé!" Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó mú ẹja yíyan lọ́wọ́. Ajá dìde. Kò gbó. Ó lọ gbé orí lé ojúgun ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Kí ni eléyìí? Ìyàwó, ṣé o ti fẹ́ ọkọ mìíràn ni?"

Ó yà fún un lọ́tùn-ún, ajá wà níbẹ̀. Ó yà fún un lósì, ajá ti débẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó tì í dé ojú ọ̀nà, òun àti ẹja rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde. Ọkọ mi fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ajá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí ọkọ̀: "Oga dog, na my house be dis o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, nítorí mo mọ ohun tí ajá ń ṣe. Ọkọ mi rí ojú mi. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe sí àlejò nìyẹn?"

"Rárá o," mo ní. "Bó ṣe máa ń ṣe sí ẹran ẹlòmíràn ni. Ó mọ iye wa tó ń gbé inú ilé."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tuntun fún un, àti bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Ewúrẹ́ ń sùn sílé," mo ní.

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Ó gbé àpò sílẹ̀. Ó tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ilé po lójú gbogbo àdúgbò, ajá ń tẹ̀ lé wa. Òórùn epo ẹ̀rọ wà lára aṣọ rẹ̀. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe gbòòrò tó. Kò pẹ́ tí ajá fi dẹ́kun títẹ̀ lé wa, tó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n a ò dúró. A ṣì ń yí po nígbà tí àwọn èèyàn ti wọlé lọ.

Odò kún lọ́dún náà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wọn ò fi lè pẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n fọn fèrè. Ajá sin ọkọ mi dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó jókòó níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó ẹran wálé bó ṣe yẹ. Ìyá Núpé yọjú lórí ògiri, ó fi ìka kà wọ́n. "To, ẹran pé."

"Wọ́n pé, Ìyá."

Ajá ò dùbúlẹ̀. Ó wo ẹran, ó wò mí, ó wọ yàrá lọ wo bẹ́ẹ̀dì, ó jáde, ó yí ilé po, ó lọ dúró lójú ọ̀nà tó kọjú sí odò. Mo pè é. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, kò wá. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi ni mo fi ẹni tí kì í gbélé kún àwọn tó ń kà. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo gbé àpótí ìjókòó lọ bá a, mo jókòó tì í. Láti ìgbà tí mo ti dé Lọ́kọ́ja, èmi nìkan ni mo ti ń wo ọ̀nà yẹn.