Iyọ̀ Tí Wọ́n Rán Àṣàkẹ́ ní Apòmù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti dé gáréèjì Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, mo ń wá mọ́tò Ìkirè. N kò lọ sin òkú, n kò sì lọ gbé ìyàwó. Iyọ̀ ni mo ń lọ rà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìdílé ìyá mi kì í ná ọjà ní Apòmù. A kì í rà, a kì í tà. Láyé ogun, wọ́n rán ọmọbìnrin kan nínú ìdílé wa, Àṣàkẹ́, ní iyọ̀ lọ sí ọjà náà. Wọ́n jí i gbé níbẹ̀, wọ́n tà á, kò sì padà wálé mọ́. Láìpẹ́ yìí ni ẹnìkan sọ fún Màmá pé pátákó ìtàn kan wà létí títì ní Apòmù, tó ń fi ibi tí ọjà àtijọ́ wà han èrò. Àìsàn ti dá Màmá dùbúlẹ̀. Wọ́n pè mí sẹ́bàá ibùsùn wọn.

"Lọ bá mi pe Àṣàkẹ́ níbẹ̀," ni wọ́n wí, "kí o sì ra iyọ̀ tí wọ́n rán an bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ jogún èèwọ̀ yìí."

Túndé, àbúrò mi, ní kí n má da ara mi láàmú. "Ẹ̀gbọ́n mi, iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́. Ẹ ra ti Bódìjà, ẹ ní Apòmù lẹ ti rà á. Ṣé Màmá á mọ̀ ni?"

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹni tó lè tan ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, ta ni kò ní tàn? Mo wé gèlè mi, mo jáde.

Bí ojúmọ́ ti ń mọ́ la kọjá omi Ọ̀ṣun ní Aṣèjíré, ìkùukùu ṣì wà lórí omi. Lẹ́yìn ibẹ̀, kòtò ló kù tí dẹ́rẹ́bà ń sá fún. Ní Ìkirè, àwọn olódòdò sáré yí mọ́tò wa ká. Tiwa nílé, pẹlẹbẹ la máa ń gé dòdò, á sì pupa. Tiwọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù ni wọ́n ń gún mọ́ ata, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á dín in nínú epo títí á fi dúdú. Ó ta, ó sì dùn. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó gun ọ̀kadà, torí Ìkirè kọ́ ni èèwọ̀ wa.

"Pátákó wo, Mọ́mì?" ni ọlọ́kadà bi mí.

"Èyí tí wọ́n kọ ìtàn sí."

"Ẹn-ẹ́n. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níbẹ̀, mi ò kà á rí."

Ìpẹtà ti jẹ etí pátákó náà, ẹnìkan sì ti lẹ bébà ìsọjí mọ́ ìdajì rẹ̀. Mo rọra ṣí bébà náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà ńlá ni, pé oríṣiríṣi ìlú ló ń wá ná an. Inú bí mi. Wọ́n rántí àwọn tó ń tà, wọn ò dárúkọ àwọn tí wọ́n tà. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo pe Àṣàkẹ́.

Nígbà tí mo dìde, bàbá arúgbó kan tó ń sá kòkó nítòsí kí mi.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá. Ṣùgbọ́n pátákó lẹ kí, ẹ ò tíì kí ọjà."

Ó ní nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, katakata hú pátákó náà. Àwọn ará àdúgbò ló wá rì í síbi tó wà yìí, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọ̀. Ọjà gan-an wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn oko kòkó.

Oòrùn ti mú, orúnkún sì ń ro mí. Ọ̀rọ̀ Túndé sọ sí mi lọ́kàn: ta ló máa mọ̀?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀."

Ó wo bàtà mi. "Ẹrọ̀fọ̀ wà lọ́nà o."

"Ẹni tí mo wá pè rìn jù báyìí lọ, bàbá."

Mo ń sọ ìtàn Àṣàkẹ́ fún un bí a ti ń lọ, títí a fi dé gbangba ilẹ̀ kan tí ìsọ̀ mélòó kan ṣì wà. Níbẹ̀ ló bọ́ fìlà. "Ọmọ ibí ni àwọn baba mi," ló wí. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe láyé ìgbà yẹn. Tí ẹ bá pè é, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́."

Omi bọ́ lójú mi. Mo tún kúnlẹ̀.

"Àṣàkẹ́ o. Iyọ̀ tí wọ́n rán ọ, ilé ṣì ń retí rẹ̀. Àwọn ará ibí ní kí o má bínú. Dìde, ká lọ."

Ìsọ̀ tó kángun sí wa ni mo ti ra iyọ̀. Ọmọge tó ń tà á bu ènì sí i, ó ní kí n tún padà wá rajà. Mo dì í mọ́ ìdí ìró mi, n kò sì tú u títí mo fi délé. Pátákó dára, kí wọ́n má hú u mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn yóò kúrò létí títì, yóò sì bá onílé sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Túndé ló gbé Màmá jókòó. Wọn ò bi mí ní pátákó, wọn ò bi mí ní ọ̀nà. Wọ́n tú nǹkan tí mo dì, wọ́n fi ìka mú iyọ̀ díẹ̀ sí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọjú wo ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé, bí ẹni pé èrò kan ṣì wà lẹ́yìn mi.

"Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí, "o mà pẹ́ lọ́jà."